Bó o bá fẹ́ ṣe BD nínú krípítò, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà kí wọ́n tó gbà ẹ́

Ìbéèrè tó wọlé nìyí, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún mẹ́rin ni mo ti fi ń ta software fáwọn ilé iṣẹ́, mo sì ti ń ka nǹkan nípa krípítò látìgbà tí FTX, exchange ńlá tí wọ́n ti ń ra krípítò tí wọ́n sì ń tà á, ti wó. Mo fẹ́ bọ́ sídìí business development (BD), iṣẹ́ wíwá àjọṣe àti oníbàárà, níbẹ̀. Mo ti fi CV ránṣẹ́ síbi tó lé ní ogójì, ibi méjì péré ló dáhùn, àwọn méjèèjì ní mi ò ní ìrírí krípítò. Ṣé kí n lọ kọ́ coding ni àbí kí n wá sátífíkéètì kan gbà? Ibo gan-an lèèyàn ń gbà wọlé?"

Àbúrò mi, o kú ìfaradà. Jẹ́ n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó rọrùn. O ò nílò coding kó o tó lè ṣe BD, sátífíkéètì ò sì ní ṣe nǹkan kan fún ẹ, mo ti wà lára àwọn tó ń gba èèyàn síṣẹ́ yìí lọ́pọ̀ ìgbà, mi ò rántí ọjọ́ kan tẹ́nikẹ́ni nínú wa béèrè sátífíkéètì. Ohun tá a máa ń bi ara wa ni pé kí lẹni yìí ti ṣe tá a lè fojú rí? Ogójì CV tó o fi ránṣẹ́ yẹn, ohun tó o ṣe níbòmíì ni gbogbo wọn ń sọ, kò sí ìkankan nínú wọn tó fi han ẹni tó ń kà á pé o mọ ìṣòro tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ tiẹ̀ lónìí. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà, ibẹ̀ náà la sì máa pẹ́ sí.

Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ mọ èyí tó ò ń wá, torí BD kì í ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ní exchange, BD lè jẹ́ ẹni tó ń bá àwọn tó fẹ́ kí wọ́n máa ta tókìnì wọn níbẹ̀ sọ̀rọ̀, tàbí ẹni tó ń wá àwọn market maker, ìyẹn àwọn tó ń fi owó sílẹ̀ lápá rírà àti lápá títà kí ọjà má bàa gbẹ. Ní blockchain fúnra ẹ̀, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ gbangba tí krípítò ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, bíi Polygon tàbí Solana, iṣẹ́ ẹ ni kó o wá àwọn tó máa kọ́ nǹkan sórí ẹ̀, ó lè jẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá tí ò fọwọ́ kan krípítò rí, ó sì lè jẹ́ ọmọ méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí hackathon lánàá. Lọ́dọ̀ Circle tó ń ṣe USDC, tókìnì tí wọ́n ṣe kí ẹyọ kan ẹ̀ máa tó dọ́là kan (stablecoin là ń pe irú ẹ̀), báńkì àtàwọn ilé iṣẹ́ ìsanwó ni wàá máa bá dúnàádúrà. Lọ́dọ̀ Chainlink tó ń gbé iye tí nǹkan ń tà lọ́jà wọnú blockchain, tàbí Aave táwọn èèyàn ti ń yá owó, àwọn protocol míì, ìyẹn àwọn ètò tí wọ́n kọ́ sórí blockchain, ni oníbàárà ẹ. Tó o bá kọ lẹ́tà kan náà sí gbogbo wọn, wọ́n á mọ̀, ìlà kejì ni wọ́n ti máa mọ̀.

Ìwọ tó o ti ta software fún ọdún mẹ́rin, tó o mọ bí wọ́n ṣe ń gba ọwọ́ lọ́yà, ọwọ́ àwọn aṣàyẹ̀wò ààbò àti ọwọ́ ẹni tó ń sanwó kọjá kí dílì tó jáde, lójú tèmi, ibi tó yẹ kó o kọ́kọ́ wò ni stablecoin àtàwọn tó ń bá ilé iṣẹ́ tọ́jú krípítò wọn. Wo àwọn tó ti wọlé síbẹ̀. Visa sọ ní oṣù kẹta 2021 pé òun á máa gba USDC láti fi parí ìṣirò owó, PayPal gbé stablecoin tiẹ̀, PYUSD, jáde ní oṣù kẹjọ 2023, Stripe kéde ní oṣù kẹwàá 2024 pé òun máa ra Bridge, ilé iṣẹ́ stablecoin kan, ní 1.1 bílíọ̀nù dọ́là. Àwọn wọ̀nyí kì í sọ̀rọ̀ bí ọmọ krípítò, bí ilé iṣẹ́ owó ni wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń fẹ́ ẹni tó gbọ́ èdè wọn. Òfin náà ti di apá kan iṣẹ́ náà báyìí. Apá tó kan stablecoin nínú òfin MiCA ti ilẹ̀ Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ ní 30 oṣù kẹfà 2024, Circle lọ gba ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Faransé, Tether tó ń ṣe USDT ò gbà á, kí ọdún yẹn tó parí exchange Coinbase ti yọ USDT kúrò fáwọn oníbàárà ẹ̀ ní Yúróòpù. Òfin kan ṣoṣo ló yí ẹni tó lè bá ẹnì kan dòwò pọ̀ padà. Amẹ́ríkà náà fọwọ́ sí òfin GENIUS tiwọn lórí stablecoin ní 18 oṣù keje 2025. BD tó bá ka òfin méjèèjì yìí, tó lè ṣàlàyé fún oníbàárà ohun tó kàn án níbẹ̀ láìka ìwé, kò pọ̀ rárá, mo ń sọ òótọ́ fún ẹ.

Kí n wá sọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ gan-an, torí ọ̀pọ̀ rò pé kéèyàn mọ èèyàn kó sì máa lọ sí ìpàdé kiri ni. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo wọ iṣẹ́ yìí, mo bá ilé iṣẹ́ wọ́lẹ́ẹ̀tì kan, ìyẹn áàpù téèyàn fi ń tọ́jú krípítò, ṣe àdéhùn. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń lé wọn kiri. Ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i, a gbé lógò wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, a kéde, àwọn èèyàn ń kí mi kú oríire, inú ọ̀gá mi dùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mo ṣí dáṣíbọ́ọ̀dù tí ẹnjiníà wa kan bá mi ṣe sórí Dune, ìkànnì tá a ti ń ka ìṣirò orí blockchain, pé kí n wo iye àdírẹ́sì tó ti gba ọ̀dọ̀ wọn wọlé sọ́dọ̀ wa. Mọ́kànlá. Mo tún wò ó dáadáa, mẹ́rin nínú mọ́kànlá yẹn, tiwa ni, àwọn tá a fi dán an wò. Wọn ò ṣẹ̀ wá o, ohun tó wà nínú ìwé ni wọ́n ṣe, wọ́n fi bọ́tìnì wa sí ìsàlẹ̀ ojú ewé kan tẹ́nikẹ́ni kì í dé. Èmi ni mi ò béèrè ta ló máa kọ code ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, mi ò béèrè ibi tí oníbàárà wọn ti máa rí i, mi ò béèrè kí ni wọ́n máa jẹ níbẹ̀ táwọn èèyàn bá lò ó. Ó dùn mí wọra. Látọjọ́ náà, mi ò pe dílì ní dílì mọ́ àfi tí mo bá mọ orúkọ ẹnjiníà tó máa ṣe é àti ọ̀sẹ̀ tó máa bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí kan àwọn ńlá náà. Ní 2022, tá a bá ń sọ̀rọ̀ BD nínú krípítò, Polygon lẹni tí gbogbo wa ń wò: Reddit gbé àwòrán avatar rẹ̀ sórí ẹ̀ ní oṣù keje, Starbucks kéde Odyssey, ètò ẹ̀bùn fáwọn oníbàárà ẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án, Nike gbé .Swoosh, ìkànnì ọjà orí ayélujára ẹ̀, dé ní oṣù kọkànlá. Starbucks ti Odyssey pa ní 31 oṣù kẹta 2024. Iṣẹ́ ńlá làwọn BD yẹn ṣe, kí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó gbà kó fi orúkọ ẹ̀ sórí blockchain, ẹni tó ti ta nǹkan fún ilé iṣẹ́ ńlá rí mọ iye ìpàdé tí ìyẹn máa gbà. Ohun tí mo fẹ́ kó o mú níbẹ̀ ni pé ọjọ́ ìkéde ò tíì parí nǹkan kan, ìgbà yẹn gan-an niṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wá ẹ lẹ́nu wò nínú ìntáfíù bá bi ẹ́ nípa dílì tó o fẹ́ràn, má dúró síbi ìkéde, sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀.

Ó yá, bó o ṣe máa wọlé. Mú ilé iṣẹ́ kan tàbí protocol kan, ẹyọ kan ni mo sọ, kì í ṣe ogójì. Lò ó. Ṣí wọ́lẹ́ẹ̀tì, fi owó kékeré tí ò ní dùn ẹ́ tó bá sọnù sínú ẹ̀, ṣe swap (fi tókìnì kan pààrọ̀ òmíì), gba bridge kọjá sórí blockchain míì, yá nǹkan kó o sì dá a padà, gbogbo ibi tó o bá ti dúró tó ò ń ronú pé "kí ni mo fẹ́ tẹ̀ báyìí", kọ ọ́ sílẹ̀ kíákíá, torí tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì ojú ẹ á ti mọ́ ọn, o ò sì ní rí i mọ́. Ojú àlejò tó o ní lọ́wọ́lọ́wọ́ yẹn, àwọn tó wà nínú ilé ti pàdánù ẹ̀ tipẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, lọ wo ìṣirò wọn. Ohun tí ibí fi dáa ju ibi tó o ti ń bọ̀ nìyí: tó o bá ń ta software, ò ń méfò ohun tí oníbàárà ń lò àti iye tó ń ná ni, níbí, gbangba ni gbogbo ẹ̀ wà. DefiLlama á sọ iye owó tó wà nínú protocol kọ̀ọ̀kan fún ẹ, lórí blockchain wo, àti iye tó ń pa wọlé lóòjọ́, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ. Etherscan á fi àdírẹ́sì tó ń bá àdírẹ́sì míì lò lórí Ethereum hàn ẹ́. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí owó tó pọ̀ níbì kan tàn ẹ́. Anchor, ibi ìfowópamọ́ kan lórí blockchain Terra, ń san èrè tó sún mọ́ 20% lọ́dún, owó rọ́ wọ ibẹ̀ bí omi, oṣù karùn-ún 2022 gbogbo ẹ̀ wó lulẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Torí náà tó o bá rí iye kan tó ga, bi ara ẹ léèrè ohun tó gbé e wá, àti bóyá á ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n bá dáwọ́ èrè tí wọ́n ń pín dúró.

Ka governance forum wọn náà, ìyẹn ibi táwọn tó ní tókìnì ti ń jiyàn kí wọ́n tó dìbò. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ju ibi kankan lọ, torí dílì tí wọ́n ń ṣe nínú yàrá níbòmíì, níta ni wọ́n ti ń ṣe é níbẹ̀. Wá ọ̀rọ̀ bí ẹ̀dà kẹta (v3) Uniswap, protocol tí wọ́n ti ń pààrọ̀ tókìnì, ṣe dé blockchain míì tó ń jẹ́ BNB Chain ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, kà á látòkè délẹ̀. Uniswap nílò bridge kan tó máa gbé ìpinnu àwọn oníbò láti Ethereum dé ibẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ dìbò lórí bridge tí wọ́n máa lò, Wormhole ló wọlé, LayerZero ló tẹ̀ lé e. Nígbà tó kan ìbò gidi, a16z, ilé iṣẹ́ olùdókòwò tó ti fowó sínú LayerZero, fi mílíọ̀nù 15 UNI, tókìnì tí wọ́n fi ń dìbò ní Uniswap, dìbò pé òun ò fẹ́. Síbẹ̀ ó kọjá. Kí wá ló ń lé wọn? Ìwé àṣẹ tó ń dáàbò bo code v3 máa tán ní 1 oṣù kẹrin ọdún yẹn, lẹ́yìn ìgbà náà ẹnikẹ́ni lè ṣe àdàkọ ẹ̀ kó sì gbé e síbi tó bá wù ú. Tó o bá ka gbogbo ìjiyàn yẹn tán, wàá rí ẹni tó ń fẹ́ nǹkan, ẹni tó ń dí i lọ́wọ́ àti ìdí tó fi ń dí i, wàá sì rí ọjọ́ tí wọn ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó kọjá. Àwọn nǹkan yẹn ni BD ń wá nínú gbogbo dílì, kò sí kíláàsì tó lè kọ́ ẹ jù ú lọ.

Nígbà yẹn ni wàá tó kọ ìwé ojú ewé kan. Kì í ṣe CV, ìwé dílì kan pàtó ni: ẹni tó yẹ kí ilé iṣẹ́ yìí bá ṣiṣẹ́, ohun tí ẹgbẹ́ kìíní máa rí níbẹ̀, ohun tí èkejì máa rí, iṣẹ́ ẹnjiníà tó wà níbẹ̀ àti ẹni tó máa ṣe é, ohun tó lè bà á jẹ́, iye kan ṣoṣo tá a máa fi mọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta pé ó ṣiṣẹ́. Tó bá ṣeé ṣe, kọ́kọ́ bá ẹnì kan ní ẹgbẹ́ kejì sọ̀rọ̀ kó o tó fi ránṣẹ́.

Ọmọbìnrin kan ṣe é fún mi rí. Kò kọ "mo ń wáṣẹ́" o. Ó kọ sí mi lórí Telegram pé òun fi wọ́lẹ́ẹ̀tì báyìí-báyìí wọ ọ̀dọ̀ wa, níbi ìgbésẹ̀ kẹta, bọ́tìnì approve jáde lẹ́ẹ̀mejì, òun rò pé owó òun ti lọ, òun sì pa á dé. Ó ya àwòrán ojú fóònù ẹ̀, mẹ́rin, ó fi àmì pupa yí ibi tó ti kọsẹ̀ ká. Ó ní òun ti bi èèyàn mẹ́fà míì tó ń lo wọ́lẹ́ẹ̀tì náà, mẹ́rin nínú wọn ṣe bíi tòun, òun sì ti bá ẹni tó ń bójú tó àjọṣe lọ́dọ̀ wọ́lẹ́ẹ̀tì náà sọ̀rọ̀, ó ní ọjọ́ méjì làwọn máa fi tún un ṣe tẹ́ni tiwa bá lè dáhùn ìbéèrè kan. Ìbéèrè náà wà nísàlẹ̀ lẹ́tà. Mo gbé e fún ẹnjiníà wa, ó dáhùn láàárín ogún ìṣẹ́jú. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ọmọ náà ti ń bá wa ṣiṣẹ́. CV ẹ̀? Ẹ̀yìn tá a ti sọ iye owó oṣù la tó rántí gbà á. Iṣẹ́ customer service ló ń ṣe tẹ́lẹ̀, kò ní ìrírí krípítò bíi tìẹ náà.

Àwọn hackathon dáa láti bẹ̀rẹ̀ síí mọ èèyàn, ETHGlobal máa ń gbé gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ṣe síta, irinṣẹ́ tí wọ́n lò sì máa ń wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn ń wá ẹni tó máa bá wọn wá oníbàárà àkọ́kọ́, ẹnjiníà ni wọ́n, títa ò sí lára ohun tí wọ́n fẹ́ràn. Bá ẹgbẹ́ kan ṣe é fún oṣù mẹ́ta, o ti ní ìrírí krípítò nìyẹn. Àwọn ìpàdé ńlá bíi Devcon àti Token2049 lè dúró ná, lọ síbẹ̀ nígbà tó o bá ní ohun tó o fẹ́ bá èèyàn mẹ́wàá kan pàtó sọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Wọ́n lè san apá kan fún ẹ ní tókìnì. Má gbà kí wọ́n fi iye tókìnì tàn ẹ́, mílíọ̀nù kan lè jẹ́ nǹkan ńlá, ó sì lè máà tó nǹkan kan, ìdá mélòó ni nínú gbogbo tókìnì tó máa wà, ìyẹn ni kó o béèrè. Béèrè ìgbà tó máa bọ́ sọ́wọ́ ẹ, ọ̀pọ̀ ń lo ọdún mẹ́rin, kò sì sí ìkankan lọ́wọ́ ẹ títí ọdún kìíní á fi pé. Ìṣirò tèmi ni pé kí owó oṣù tí wọ́n ń san ní owó gidi tó ẹ gbọ́ bùkátà, kó o ka tókìnì sí nǹkan tó lè wá tó sì lè máà wá.

Èyí tó kàn yìí, jọ̀ọ́, má fojú fò ó. Àwọn tó ń wáṣẹ́ nínú krípítò làwọn gbájúẹ̀ ń dọdẹ jù. Ronin bridge tí wọ́n jí ohun tó lé ní 600 mílíọ̀nù dọ́là nínú ẹ̀ ní oṣù kẹta 2022, tí FBI ní ẹgbẹ́ Lazarus ti North Korea ló wà nídìí ẹ̀, ìròyìn tó jáde lẹ́yìn náà sọ pé iṣẹ́ èké ni wọ́n fi wọlé: wọ́n fi ìntáfíù ṣeré fún ẹnjiníà kan, wọ́n sọ pé ó ti yege, wọ́n fi ìwé ìgbàsíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i ní PDF, ó ṣí i. Torí náà ẹnikẹ́ni tó bá ní kó o da áàpù kan tó ò mọ̀ sórí kọ̀ǹpútà ẹ kẹ́ ẹ tó lè ṣèpàdé, tàbí kó o so wọ́lẹ́ẹ̀tì ẹ pọ̀ mọ́ ibì kan, tàbí kó o sanwó "ìdánilẹ́kọ̀ọ́", pa á dé. Wọ́lẹ́ẹ̀tì tó o fi ń dán nǹkan wò, kó yàtọ̀ sí èyí tí owó ẹ wà.

Wo ẹni tó o fẹ́ bá ṣiṣẹ́ náà dáadáa. Nígbà tí FTX lọ sí ilé ẹjọ́ ní 11 oṣù kọkànlá 2022 pé òun ti wó, àwọn tó ti fi orúkọ ara wọn fa oníbàárà wọ ibẹ̀ ṣì ní láti máa gbé ojú sókè wo àwọn èèyàn yẹn. Orúkọ ẹ lo fi ń ṣe BD, ohun kan ṣoṣo tó o máa gbé láti ilé iṣẹ́ kan dé èkejì nìyẹn. Bákan náà, wàá máa mọ nǹkan kí ayé tó mọ̀ ọ́n, tókìnì tó fẹ́ wọ ọjà, àdéhùn tí wọ́n fẹ́ kéde. Má fi rajà, má sọ fún ọ̀rẹ́, má sọ fún ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. Òṣìṣẹ́ Coinbase kan tẹ́lẹ̀ tó ń ta irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ sétí àbúrò ẹ̀ àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ gba ẹ̀wọ̀n ọdún 2 ní 2023. Tẹ́nikẹ́ni bá sì ní òun fẹ́ fún ẹ ní tókìnì lábẹ́lẹ̀ kó o lè bá òun sọ̀rọ̀ fún ọ̀gá ẹ, sọ fún ọ̀gá ẹ lọ́jọ́ náà gan-an.

Dá CV dúró fún oṣù kan. Mú ẹyọ kan, lò ó, ka forum wọn, kọ ojú ewé kan yẹn. Tó o bá ti kọ ọ́ tán, kó o tó fi ránṣẹ́ sí wọn, fi ránṣẹ́ sí mi ná, màá kà á, màá sì sọ ibi tí mo bá ti rí i pé ẹgbẹ́ kejì ò ní dáhùn fún ẹ.